Ẹni Tí Kò Pa Ẹ́ńjìnnì

Bàbá mi kì í sọ pé "káàbọ̀" fún ẹni tí kò tíì dé. Ẹ lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọdún tí iná ilé-iṣẹ́ ìfọpo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Ekpan ni. Owó epo ti wọ Warri nígbà náà, ó sì ti sọ gbogbo wa di oníkánjú. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lánàá ti ń fi Píjò ta ẹrọ̀fọ̀ síni lára lónìí. Bàbá mi nìkan ni kò bá wọn kánjú. Alhaji Mùkáílà ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, aṣọ àti ọṣẹ ló ń tà lọ́jà Ogbe-Ijoh. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan tó fi ń kó ọjà lọ sí Burutu àti àwọn abúlé etí odò, ó sì kọ "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́" sí i lára, nítorí ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà tó wà nínú ọkọ̀ náà ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Ubeji fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí wọ́n tó rí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wo ni ìyẹn?

Èmi ni Wúrà, àkọ́bí rẹ̀. Olùkọ́ ni mí nígbà náà nílé-ìwé kan ní Ovwian. Inú máa ń tètè bí mi, pàápàá bí ẹnìkan bá ní kí n má béèrè ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé bí mo ṣe ké lọ́jọ́ tí òun bí mi, ó jọ ìbéèrè.

Mùsbáù ni ọkùnrin tí mo fẹ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ afami nílé-iṣẹ́ ìfọpo ní Ekpan. Ó níwà jẹ́jẹ́, ó máa ń kirun lásìkò, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò bá ìwà jẹ́jẹ́ yẹn mu, ọkọ̀ rẹ̀ ni. Jámánì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, tó ń padà sílé, ló tà á fún un. Ọkọ̀ eré ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, ó kúrú, ó rẹlẹ̀, àfi kéèyàn tẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Bí ó bá ń sáré, ohun kan máa ń fọn fèrè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Okere a sì máa sá jáde wá wò ó.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ló wá kí bàbá mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá jókòó sí ìta lórí àga rẹ̀. Fèrè dún, ọkọ̀ dé pẹ̀lú eruku, Mùsbáù bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìdọ̀bálẹ̀ náà dára, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá kò wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ ló ń wò.

"Ṣé o ti dé ni, àbí o ṣì ń lọ?"

"Mo ti dé, sà."

"Ọkọ̀ rẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mùsbáù rò pé eré ni, ó sì rẹ́rìn-ín. Áà, ẹ̀rín yẹn! Nígbà tó fi máa padà lọ pa ẹ́ńjìnnì, bàbá mi ti dìde, ó ti wọlé, ó sì ti fa aṣọ ojú ilẹ̀kùn. Kò sọ pé káàbọ̀. Nílé wa, ẹni tí a kò bá kí káàbọ̀, a kì í fún un lómi. Ẹni tí a kò fún lómi, ta ni yóò fún un lọ́mọ?

Òfin kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ń bá bàbá mi ṣe òwò mọ̀. Bí o bá fẹ́ kí àgbà, pa ẹ́ńjìnnì ná. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò pa ẹ́ńjìnnì kò bọ́ bàtà, ọkàn rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ tó ń kó ọjà rẹ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn mọ òfin yìí débi pé ẹnu géètì ni wọ́n ti ń pa ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á jẹ́ kí lọ́rì fúnra rẹ̀ yí wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ti torí ọ̀wọ̀ yìí kọ lu dúrọ́ọ̀mù omi wa rí. Bàbá mi kò bá a wí. Ó ní ọmọ gidi ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Mùsbáù ní Ekpan, mo sì bá a jà.

"Kọ́kọ́rọ́ lásán! Kí ló dé tí o ò lè yí kọ́kọ́rọ́ lásán kí o tó dọ̀bálẹ̀?"

"Wúrà, abeg, no vex. Kò ṣeé pa bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí o ò ṣàlàyé fún un?"

"Kí n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tó fẹ́ di àna mi, kí n tún wá máa ṣàlàyé mọ́tò lórí ìdọ̀bálẹ̀? Bí wọ́n bá bi mí, màá sọ. Wọn ò bi mí."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi, Sàlíhátù, ìyá mi sì gbé e lọ síwájú bàbá. Èsì tó gbé bọ̀ kò gùn. Bàbá ní, "Ẹ́ńjìnnì wo ni kò ṣeé pa? Tèmi tó ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀. Bí mo bá ní kí Pius tó ń tọ́jú rẹ̀ pa á, ó ti kú nìyẹn."

Ìdáhùn yẹn ló dá ìbéèrè sílẹ̀ lọ́kàn mi. Òtítọ́ ni bàbá mi sọ. Ẹ́ńjìnnì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tóbi lóòótọ́, wọ́n sì máa ń pa á lójú ẹsẹ̀. Mùsbáù náà kì í sì í purọ́. Báwo ni ẹ́ńjìnnì kan ṣe lè dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ní kó dákẹ́, kí èkejì máa tọrọ àyè? Mi ò lè sùn lé ìbéèrè báyẹn lórí.

Mo kọ́kọ́ ní kí Mùsbáù fi ọkọ̀ náà gbé mi wò. Ojú ọ̀nà Ekpan ni a gbà ní àárọ̀ Sátidé, kí àwọn tàǹkà tó kún ún. Ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ náà ń lọ bí ẹni tí wọ́n pè tí kò gbọ́. Mo ti la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí fèrè dún níwájú wa, àga sì gbá mi lẹ́yìn, igi etí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sá kọjá. Mo pariwo. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, àmọ́ kí ariwo náà tó tán lẹ́nu mi, ó ti di ẹ̀rín.

"Kí ló ń rò kó tó sáré?" mo bi í.

Ó dúró lábẹ́ igi, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó pa á, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi irin kan hàn mí tó ká bí ìgbín, kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Tọ́bò ni wọ́n ń pè é. Ó ní èéfín tí mọ́tò yòókù ń dà nù ní sálẹ́ńsà, inú ìgbín yìí ni ó máa ń gbà kọjá, á sì máa yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá kan náà ni fáànù yẹn àti òmíràn jọ wà lórí rẹ̀. Èkejì yìí ló ń fa afẹ́fẹ́, tó ń kì í bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo á jó dáadáa sí i, agbára á sì dé.

"Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́," ó ní. "Èéfín gbọ́dọ̀ pọ̀ ná kó tó lè yí i. Ṣùgbọ́n kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ohun tí a fẹ́ dà nù ló ń jẹ."

"Kí ló wá dé tí kò fi ṣeé pa?"

"Ó ń yára ju ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì máa ń gbóná tí á fi pọ́n bí ẹ̀yinná. Ọ́ìlì tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì wá ló ń gbà á là. Bí mo bá sáré dé tí mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì dúró, òun ò dúró. Á máa yí nínú gbígbẹ. Ọ́ìlì tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ á jóná bí ọbẹ̀ tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Jámánì yẹn kìlọ̀ fún mi tẹkún tẹkún. Ó ní ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni màá ṣe é tí á bàjẹ́, ó sì lè pẹ́. Bó bá sì bàjẹ́, kò sí irú rẹ̀ ní Warri, kò sí ní Èkó."

Mo ro ó, mo sì rí ihò kan níbẹ̀.

"Bí o bá rọra wakọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ṣé kò ní í ti tutù kí o tó dé ilé wa?"

"Á ti tutù."

"Kí ló dé tí o ò rọra?"

"Mo ń sáré bọ̀ wá rí ẹ ni."

Mo pòṣé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n parọ́, inú mi dùn.

Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, mo bá bàbá mi lọ sí Burutu. Àwọn ẹrù ọṣẹ wà níwájú, bàbá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, èmi sì lọ bá Pius nídìí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Ọmọ Ubeji ni Pius, òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ọjọ́ tí bàbá ti rà á. Mo béèrè bóyá tọ́bò wà nínú tirẹ̀ náà.

"Turbo ke? Na blower we get," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí àpótí irin gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. "Two iron dey inside, dem twist like plaited hair. Dem dey carry breeze push am enter."

"Na smoke dey turn am?"

"Smoke for where? Na gear. Engine dey turn am by himself. Engine turn, e turn. Engine stop, e stop same time. Oyinbo for America dey commot this kind one from lorry, put am for racing car. E go tall pass bonnet, driver no go see road well." Ó rẹ́rìn-ín. "Press this thing small, make you see."

Mo ti irin tó fi hàn mí síwájú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fò lójú ẹsẹ̀, kò ronú rárá. Omi ta sókè, bàbá mi sì gbá orí àpò ọṣẹ mú.

"Ta ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá! Ẹ máà bínú!"

Pius dín in kù, ó mi orí. Ó ní, "E dey answer quick, but e dey chop. The power wey e take help engine, na from that same engine e take collect part."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi wàyí. Ohun kan náà ni bulówà àti tọ́bò ń ṣe, afẹ́fẹ́ ni àwọn méjèèjì ń kì bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Bulówà ń bá ẹ́ńjìnnì jẹun nínú àwo kan náà, nítorí náà wọ́n jọ ń dìde ni, wọ́n sì jọ ń dùbúlẹ̀. Tọ́bò ń jẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dìde, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sùn. Bàbá mi ti bá bulówà gbé fún ọdún gbọọrọ. Bó bá pè é, á jẹ́ ẹ. Bó bá ní kó dákẹ́, á dákẹ́. Ìyẹn ni ó fi ń wọn gbogbo ẹ́ńjìnnì, ó sì ń fi wọn gbogbo ọmọ ènìyàn.

Mo lọ jókòó tì í, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí mo dé orí èéfín, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Èéfín? Èéfín lásán ló ń yí i?"

"Èéfín lásán, Bàbá."

Ojú rẹ̀ tàn. Mo rí i! Àmọ́ ó tún rántí ìbínú rẹ̀, ó sì fà á padà wọ̀ bí agbádá.

"Èmi ò sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ò dára. Mo ní kò kí mi ni. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun." Ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí a fi kọjá àwọn apẹja méjì kan. "Ìyá rẹ ti bẹ̀ mí. Kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó pa ẹ́ńjìnnì kó tó kí mi. Bó bá pa á, a ó sọ̀rọ̀. Bí kò bá pa á, kó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, n kò ní í gba ẹlòmíràn wọlé tìtorí rẹ̀ mọ́."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Mùsbáù bó ṣe rí gan-an. Ó ní kò le rárá. Láti oríta Effurun ni òun á ti máa rọra bọ̀, nígbà tí òun bá fi dé ilé wa, ọkọ̀ á ti tutù, òun á pa á kó tó dúró pátápátá. Ọkàn mi balẹ̀. A kò rántí pé kò ní í dá wá.

Alhaji Adépọ̀jù, ẹ̀gbọ́n bàbá Mùsbáù, ni yóò gba ẹnu ẹbí wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi. Láti Ọ̀yọ́ ló ti wá. Àwọn obìnrin ẹbí wọn fi Píjò ṣáájú, a sì ti gbé wọn jókòó. Ẹbí wa náà ti pé sí ìta lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n fi tapólì ṣe, bàbá mi wà láàárín pẹ̀lú agbádá funfun. Èmi wà nínú yàrá lẹ́yìn fèrèsé, nítorí ìyàwó kì í jáde títí wọ́n á fi pè é.

Fèrè ni mo kọ́kọ́ gbọ́, láti òkèèrè, ó ń ké kíkan-kíkan. Ẹni tó ń rọra bọ̀ kì í fọn fèrè.

Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àgbàlagbà Ọ̀yọ́ kò jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí àga gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ kó tún gbá a. Ní Effurun tí Mùsbáù ní òun fẹ́ rọra, ó ní, "Tẹ iná mọ́ ọn!" Mùsbáù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká rọra." Alhaji Adépọ̀jù ní, "Ṣé èmi lò ń sọ fún pé ká rọra?" Ta ni Mùsbáù tó máa dá a lóhùn? Bí wọ́n ṣe tẹ iná mọ́ ọn nìyẹn títí dé géètì wa.

Ọkọ̀ dúró. Alhaji Adépọ̀jù jáde, fìlà rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ìkókó. Mùsbáù kò tíì jáde. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń dún, gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Bàbá mi ká ọwọ́ sáyà. Mùsbáù gbé ojú sókè wo fèrèsé mi, mo sì fẹ́ kígbe pé kó pa á, mo tún fẹ́ kígbe pé kó má pa á. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́.

Ó pa á.

Ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ohun tín-ín-rín kan ń dún lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó ń sunkún nínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn. Mùsbáù jáde, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ lórí iyanrìn, kò gbé orí.

Bàbá mi la ẹnu. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kàkà kó sọ ọ́, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dẹ etí.

"Kí ló ń dún?"

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

"Mo ní kí ló ń dún? Ṣebí ó ti pa ẹ́ńjìnnì."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo sá jáde. Ìyá mi di etí aṣọ mi mú, mo já a gbà.

"Tọ́bò ni, Bàbá! Òun ló ṣì ń yí, kò sí ọ́ìlì mọ́, ó ń jó!"

Àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ ń wò mí bí ẹni tó ya wèrè. Omi ti wà lójú mi. Bàbá mi wo èmi, ó sì wo ẹni tó wà nílẹ̀.

"O mọ̀ pé ó ń jó?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì pa á."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á, sà."

Bàbá mi tún dẹ etí sí ọkọ̀. Ohùn tín-ín-rín yẹn ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Lọ tàn án."

Alhaji Adépọ̀jù tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Alhaji, ẹ jẹ́ kí ọmọ kí yín tán ná."

"Mo ní kó lọ tàn án! Ṣé ohun ìní ọmọ ọlọ́mọ ló máa jóná lójúde mi torí pé mo fẹ́ gba ìkíni?"

Mùsbáù sáré. Ẹ́ńjìnnì jí, ó tu èéfín funfun díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún jẹ́jẹ́. Bàbá mi dìde, ó gbá agbádá rẹ̀ sápá, ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ orí ba, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ki etí bọ inú ibẹ̀.

"Ìgbín yìí ni?"

"Òun ni, sà."

"Èéfín ló ń yí i."

"Èéfín ni, sà."

"Kí wọ́n mú nǹkan ìdànù, kí wọ́n fi ṣe agbára," bàbá mi ní, ó sì mi orí. "Ta ló rò ó?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹbí méjèèjì jókòó, tí ọkọ̀ ń dún láàárín wọn. Ìrẹsì ń tutù nínú ilé. Alhaji Adépọ̀jù gbin lẹ́ẹ̀mejì, bàbá mi kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó dúró ti Mùsbáù nídìí ọkọ̀, àwọn méjèèjì dẹ etí, bí ẹni tó ń dúró de aláìsàn kó sùn.

"Ó ti tó, Bàbá," Mùsbáù ní nígbẹ̀yìn.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Ó yá, pa á."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun kan kò ké lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ jọ dákẹ́ pọ̀ ni. Mùsbáù tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, bàbá mi sì di èjìká rẹ̀ mú.

"O ti dé wàyí," ó ní. "Káàbọ̀."